Oògùn Apàrora Tó Di Bárakú, Ìtọ̀ Ṣúgà àti Ààbò Ara

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, oògùn apàrora líle ni tramadol àti codeine, dókítà ló yẹ kó fúnni. Àmọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ wa, àwọn kan ń lò ó láti fi lé àárẹ̀ lọ, títí yóò fi di bárakú. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2019 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà ló lo irú oògùn yìí lọ́nà àìtọ́ láàárín ọdún kan. Ewu rẹ̀ wá pọ̀ sí i fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Kí ló fà á?

Ọlọ́hun fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ni sẹ́ẹ̀lì funfun. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ojú ọgbẹ́, èyí tó kọ́kọ́ rí i á pa àrokò sí àwọn yòókù, wọn á sì ya bo ibẹ̀.

Èkínní, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí ọmọ ogun wọ̀nyí lọ́ra. Àrokò wọn a dàrú: wọn a máa pè nígbà tí ọ̀tá ò sí, bí ọ̀tá bá wá dé, ìrànlọ́wọ́ a pẹ́.

Èkejì, sẹ́ẹ̀lì funfun ní ojú ibi tí oògùn yìí ń so mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ ṣe ní in. Codeine máa ń di morphine nínú ara; morphine yìí a máa dín àrokò náà kù, kì í jẹ́ kí wọ́n lè gbé kòkòrò mì dáadáa. Ti tramadol kò le tó o.

Ẹ̀kẹta, ìrora fúnra rẹ̀ àrokò ni. Ìtọ̀ ṣúgà lè ti sọ ẹsẹ̀ di kíkú tipiri, oògùn á wá pa ìyókù. Ìṣó á gún èèyàn, kò ní mọ̀, ọgbẹ́ á jẹra, ó sì lè di pé wọ́n gé ẹsẹ̀. Tramadol tún lè já ṣúgà wálẹ̀ lójijì, kí èèyàn dákú.

Kò sí ẹ̀bi fún ẹni tó ń lo èyí tí dókítà kọ fún un. Ẹni tó ti di bárakú fún, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí òun náà má sì dá a dúró lójijì. Kó lọ sí ilé-ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́, kó sì sọ òótọ́ ohun tó ń lò.

Àlùwàlá tí à ń ṣe lójoojúmọ́, oògùn ni fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ẹ bá ti ń fọ ẹsẹ̀, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wò, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ọgbẹ́ tí ẹ bá rí, kó tó di ọ̀la, ẹ fi han nọ́ọ̀sì. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà.