Ìbáwí Ọmọ Ilé-Ìwé: Iṣẹ́ Àáró Ni

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí oko kan tí ó ju oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo lọ, èyíinì ni oko ọmọ.

Ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ̀dá àti Ìgàndò, ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn ènìyàn ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, olùkọ́ tí wọ́n yí ká a sì máa yára mú pàṣán. Èmi pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin kan wà tí í máa pẹ́ dé ilé-ìwé. Ojoojúmọ́ ni mo ń nà án, ojoojúmọ́ ni ó sì ń pẹ́. Nígbà tí ó yá, kò wá mọ́. Mo lọ sí ilé wọn, mo sì gbọ́ pé òun ni í bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí ọjà Ìkòtún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú tì mí: ọmọ tí ó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni mo ń nà.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ìyá gbà láti wá alárù, ọmọ ṣe ìlérí, èmi náà sì sọ pàṣán sílẹ̀. Ọmọ náà padà wá.

Lẹ́yìn èyí, mo bi gbogbo kíláàsì léèrè òfin tí yóò mú kí ẹ̀kọ́ rọrùn. Wọ́n dá mẹ́ta: ẹni tí ó bá pẹ́ yóò sọ ìdí rẹ̀, yóò sì dúró parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá ba nǹkan jẹ́ yóò tún un ṣe, ẹni tí ó bá ṣẹ ẹnìkejì yóò tọrọ àforíjì. Ariwo kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó dínkù, nítorí àwọn tí ó ṣe òfin ni ó ń ṣọ́ ọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, kọ̀ kí a ṣe ọmọ léṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Èyí kò wí pé kí a má ṣe bá ọmọ wí. Àgbẹ̀ a máa fi ọ̀pá ti iṣu kí ó lè gun òkè. Kì í fi ọ̀pá náà lu iṣu.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá pè yín, ẹ má ṣe jókòó sílé. Ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó.