Ẹ̀tọ́ Wa Nínú Òfin Ìpìlẹ̀, àti Bí Ó Ṣe Kan Ilé Ẹ̀kọ́ Yìí

Púpọ̀ nínú àwa tí a jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òfin ìpìlẹ̀ ni ó ga jù lọ nínú gbogbo òfin ilẹ̀ wa. A gba máàkì, a sì gbàgbé. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni pé ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn bíi tiwa wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀tọ́ aráàlú wọ inú òfin náà.

Ní ọdún 1957, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, tí Sir Henry Willink ṣe alága rẹ̀, láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ níye. Ìsánlú àti gbogbo ilẹ̀ Okun wà ní Agbègbè Kábà nígbà náà, lábẹ́ ìjọba Àríwá. Àwọn kan bẹ ìgbìmọ̀ náà pé kí a yọ Ìlọrin àti Kábà kúrò ní Àríwá, kí a dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ wa kò kúrò níbi tí ó wà. Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ náà kò dábàá ìpínlẹ̀ tuntun kankan. Wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ olúkúlùkù sínú òfin, kí ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Ààlà ni wọ́n béèrè, ẹ̀tọ́ ni wọ́n rí gbà.

Orí Kẹrin Òfin Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 ni ẹ̀tọ́ wọ̀nyí wà lónìí, láti abala 33 dé 46. A kò ní kà wọ́n tán. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí abala 35 yé yín dáadáa. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ yín, ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí ó bá wù ú sọ̀rọ̀. Láàrin wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Yorùbá náà èdè ni. Bí a bá fura sí i pé ó dẹ́ṣẹ̀, tí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sì wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí ìdí láti fi kún un. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtánràn, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ẹjọ́ kan wà tí ilé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ọdún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun yóò fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olubunmi Okogie àti àwọn alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ètò tí ìjọba ní fún ẹ̀kọ́ kò lè borí ẹ̀tọ́ aráàlú, àti pé dídá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wà lára òmìnira láti fi èrò ẹni hàn.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó dáàbò bò wá de àwa náà. Abala 38 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ìjọ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà ń dá bójú tó. Ó tún sọ pé a kò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní dandan wọ ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Nígbà tiwa, bí agogo bá ti lù, gbogbo wa ni à ń wọ́ lọ síbi ìsìn òwúrọ̀, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni, láìsí ìbéèrè. A kò ní purọ́: orin ibẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ wa dòní. Síbẹ̀, ó yẹ kí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé máa bi òbí léèrè ọ̀rọ̀ yìí, kí ilé ẹ̀kọ́ sì tẹ̀ lé ohun tí òbí bá kọ síbẹ̀.