Yíyan Ẹ̀rọ Ìṣirò Tí Ń Ya Gíráàfù fún Ẹ̀kọ́ Ìṣirò àti Iṣẹ́ Ẹnjiníà ní Yunifásítì

Lọ́dọọdún, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àṣejáde bá ti ṣe ìdánwò wọn tán, ìbéèrè kan a máa tọ àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ tí a lọ kọ́ ìṣirò àti iṣẹ́ ẹnjiníà wá: irú ẹ̀rọ ìṣirò wo ni kí ọmọ tí ń lọ sí yunifásítì rà? Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń lọ sí Amẹ́ríkà ni ìbéèrè náà máa ń ká lára jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìṣirò tí ń ya gíráàfù ti gbilẹ̀ jù lọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn máa ń ju 100 dọ́là lọ bí ó bá jẹ́ tuntun. Bí ìdílé bá tu owó náà jọ, tí wọ́n ra ẹ̀rọ, tí alámòójútó ìdánwò sì ní kí ọmọ gbé e síta, owó náà ti wọgbó nìyẹn, ọkàn ọmọ náà yóò sì dàrú ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó balẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ó rí pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí. Ìdánwò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́, lẹ́yìn náà owó tí ó wà lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti inú ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀ ti gba ẹ̀yìn wọlé. Èyí ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún yìí, fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àbúrò wa.

Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́rin

Ẹ̀rọ ìṣirò tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ pín sí oríṣi mẹ́rin. Èkíní ni kékeré tí àwọn oníṣòwò ń lò, èyí tí kò mọ̀ ju ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lọ. Èkejì ni ẹ̀rọ ìṣirò sáyẹ́ǹsì, tí ó mọ sine, cosine àti logarithm, èyí tí ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì àgbà ti mọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń ya gíráàfù: bí a bá tẹ ìdọ́gba sí i, yóò ya ìlà ìdọ́gba náà sí ojú rẹ̀, yóò sì fi ibi tí ìlà náà ti kọjá lórí òdo hàn wá. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó mọ áljẹ́bírà, tí wọ́n ń pè ní CAS. Òun a máa fi lẹ́tà ṣiṣẹ́ bí ó ti ń fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́. Bí a bá béèrè derivative x³ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ 3x² fún wa. Oríṣi kẹta kò lè ṣe èyí. Nọ́ńbà nìkan ni yóò fún wa, bíi 12 nígbà tí x bá jẹ́ 2.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dé. Ní ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé HP-35 jáde, ẹ̀rọ ìṣirò sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tí ó ṣeé mú lọ́wọ́. 395 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Ní ọdún 1985 ni Casio gbé fx-7000G jáde, tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ń ya gíráàfù. Texas Instruments tẹ̀ lé e pẹ̀lú TI-81 ní ọdún 1990, àwọn ọmọ ìyá TI-81 ni ó sì wá gba yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kan.

Ìdánwò ni kí a kọ́kọ́ wò

Ìlú kọ̀ọ̀kan àti àjọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀. Nílé níhìn-ín, WAEC kò gba ẹ̀rọ tí a lè kọ ètò sí nínú. Èyí tí kò ní ariwo, tí kò sì ní okùn iná, ni ó fẹ́. JAMB ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kankan wọlé, nítorí pé ẹ̀rọ ìṣirò wà lójú kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìdánwò náà. Kò sí ìdí kankan, nígbà náà, tí ọmọ tí ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín yóò fi máa sáré ra ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù.

Ní England, ìdánwò A-level gba ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù láyè, ṣùgbọ́n kò gba èyí tí ó mọ áljẹ́bírà. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò AP Calculus tilẹ̀ pa á láṣẹ pé kí a lo èyí tí ń ya gíráàfù ní apá kan ìdánwò náà, ó sì gba àwọn kan tí ó mọ áljẹ́bírà pẹ̀lú. Ìdánwò ACT, ní ìlú kan náà, kò fẹ́ rí TI-89, HP Prime tàbí TI-Nspire tí ó ní CAS sójú. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ kan náà lè jẹ́ àlejò pàtàkì níbì kan, kí ó sì di ẹni tí a lé síta ní ibòmíràn.

Nígbà tí ọmọ bá dé yunifásítì, olùkọ́ rẹ̀ ni ó ní àṣẹ. Àwọn ẹ̀ka ìṣirò kan wà tí kì í gba ẹ̀rọ kankan láyè nínú ìdánwò calculus. Àwọn mìíràn a máa kọ orúkọ èyí tí wọ́n gbà sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Ní àwọn yunifásítì kan ní Britain, ẹ̀rọ ìṣirò sáyẹ́ǹsì díẹ̀ tí wọ́n dárúkọ nìkan ni ó lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọ̀kan wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà ní láti kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò Fundamentals of Engineering tí àjọ NCEES ń ṣe. Ìdánwò náà kò gba ẹ̀rọ kankan tí ń ya gíráàfù. Ohun tí ó gbà ni Casio tí orúkọ rẹ̀ bá ní fx-115 tàbí fx-991 nínú, HP 33s àti HP 35s, àti Texas Instruments tí ó bá jẹ́ TI-30X tàbí TI-36X. Ẹ wò ó: fx-991ES PLUS tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní nínú àpò báyìí wà nínú àwọn tí ìdánwò ẹnjiníà ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ẹ má ṣe jù ú nù nítorí pé ẹ ti ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìdánwò, iṣẹ́

Fún calculus ọdún kìíní, ohun mẹ́rin ni à ń retí lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ń ya gíráàfù: kí ó ya ìlà ìdọ́gba sí àyè tí a bá yàn fún un, kí ó wá ibi tí ìdọ́gba ti jẹ́ òdo, kí ó ṣírò derivative ní ojú kan, kí ó sì ṣírò integral láti ibì kan dé ibì kan. Gbogbo èyí tí ó jẹ́ ojúlówó lónìí ni ó lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. TI-84 Plus CE ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Amẹ́ríkà mọ̀ jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ wọn fi ń ṣe àpẹẹrẹ bọ́tìnì tí a ó tẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àjèjì, nítorí pé ojúgbà rẹ̀ yóò lè ràn án lọ́wọ́. Casio fx-9750GIII ń ṣe ohun mẹ́rin wọ̀nyí bákan náà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti TI púpọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ìtìjú nínú rírà á.

Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní ohun kan láti fi kún un. Ìṣirò iná AC kún fún àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní complex, a sì máa ń kó wọn sínú matrix láti yanjú ìdọ́gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. TI-84 Plus mọ complex, ó sì mọ matrix, ṣùgbọ́n kì í gba complex sínú matrix. HP Prime àti TI-Nspire CX II CAS gbà á. Fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, owó tí ó lé yìí ní ìdí, bí olùkọ́ bá gba ẹ̀rọ CAS láyè. Bí kò bá gbà á, ẹ̀rọ ìṣirò sáyẹ́ǹsì tó fún un nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Fx-991ES PLUS a máa yanjú ìdọ́gba mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó mọ complex, ó mọ matrix tí ó ní ìlà mẹ́ta, ó sì ń ṣírò integral.

Rírà àti ìtọ́jú

Ẹ wo ohun tí ń fún ẹ̀rọ lágbára. TI-84 Plus CE ní bátìrì tí a ń fi iná sí nípa okùn USB, ṣùgbọ́n okùn náà kì í ṣe irú tí fóònù òde òní ń lò. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù yóò wá a. Àwọn Casio tí ń ya gíráàfù bíi fx-9750GIII àti fx-CG50 ń lo bátìrì AAA mẹ́rin, tí a lè rí rà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Ní ibi tí iná kì í dúró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àlòkù kò burú, bí ẹni tí ń rà á bá ní sùúrù. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ wò ó bóyá ìlà dúdú tàbí ìlà òfìfo wà lójú rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí ibi tí bátìrì wà: bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí ìpẹtà, bátìrì ti ṣomi sí i nínú nìyẹn. Bí ó bá sì ṣe ẹ̀rọ ìṣirò sáyẹ́ǹsì ni ẹ fẹ́ rà ní ọjà wa, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹ fún un ní ìṣirò tí ẹ ti mọ èsì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: x² − 5x + 6 = 0 gbọ́dọ̀ fún yín ní 2 àti 3.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe fún ọmọ

Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ó yẹ kí a wò. Ẹ jẹ́ kí a mú y = x² − 40x + 300. Bí a bá ya á lórí TI-84 láìyí ohunkóhun padà, láti −10 dé 10 ni ẹ̀rọ yóò fi hàn, lápá ọ̀tún àti òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ni ìlà kúkúrú kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán ní etí ọ̀tún, bí ẹni pé kò sí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ bí a ti ń pín ìdọ́gba sí (x − 10)(x − 30) mọ̀ pé ó kọjá lórí òdo ní 10 àti 30, àti pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá wà ní 20, níbi tí y ti jẹ́ −100. Yóò ní kí ẹ̀rọ fi x hàn láti 0 dé 40, kí ó sì fi y hàn láti −120 dé 320. Nígbà náà ni ìlà náà yóò yọ síta kedere, bí igbá tí a dojú rẹ̀ kọ òkè. Ìmọ̀ ni ó fi ọ̀nà han ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ dígírì àti rédíánì pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Sine 30 jẹ́ 0.5 bí ẹ̀rọ bá wà ní dígírì. Bí ó bá wà ní rédíánì, −0.988 ni yóò kọ, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Rédíánì ni calculus ń lò, dígírì sì ni à ń bá pàdé jù nínú wíwọn ilẹ̀ àti igun ilé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ti ń yẹ bíréékì wò.

Fún ẹni tí apá ìdílé rẹ̀ kò ká ẹ̀rọ yìí rárá, Desmos àti GeoGebra wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń ya gíráàfù lọ́nà tí ó mọ́lẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọwọ́ lọ. A kò lè mú fóònù wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣùgbọ́n fún ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé, wọ́n tó, wọ́n sì ṣẹ́ kù. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó yẹ kí ó rò pé òun kò lè kọ́ calculus nítorí pé òun kò ní TI lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn wa, nígbà náà, kò ju èyí lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ọmọ yóò ti kẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ẹ̀rọ wo ni ẹ gbà nínú ìdánwò, èwo ni olùkọ́ fi ń kọ́ni, ǹjẹ́ ẹ ní èyí tí ẹ ń yá akẹ́kọ̀ọ́? Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà a máa yá ọmọ ní ẹ̀rọ fún sáà kan. Bí ìdáhùn bá dé, ẹ rà á ní oṣù méjì ṣáájú ìdánwò àkọ́kọ́, kí ọmọ lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìdáhùn kò bá tíì dé, kí ọmọ máa lo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó náà sì dúró sí ìfipamọ́.