Owó wà ní Àbújá, ọmọ wà n'Ílọrin

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì kìíní, nílé-ìwé ìjọba kan n'Ílọrin, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Bí ọmọ náà kò bá tún kíláàsì kankan kà, ọdún 2019 ni yóò ka kíláàsì kẹfà tán. Ọdún 2013 yẹn náà ni UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ti ilẹ̀kùn owó mọ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọdún 2019 la tó wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn lọmọ ti ṣe pírámárì rẹ̀ tán.

Báwo ni Àbújá ṣe rí ilẹ̀kùn tì mọ́ wa? Láyé ṣọ́jà, ọ̀rọ̀ ò gùn. Lọ́dún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE kalẹ̀. Ṣọ́jà pàṣẹ, ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọbásanjọ́ padà dé bí alágbádá, tó ṣíde ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tuntun, UBE, ní Sókótó lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti fi pírámárì sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ó di 2004 kí òfin UBE tó jáde, owó ló sì fi ń fa ìpínlẹ̀ mọ́ra. Ìjọba àpapọ̀ yóò máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó àpò rẹ̀, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà níbẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé ìdajì owó iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe wá.

Ó jọ èésú tí àwọn ìyá wa ń dá l'Ọ́jà Ọba. Níbi èésú, ẹni tí kò dá ni kì í kó. Níbi tiwa yìí, ìjọba ni kò dá, ọmọ ni kò rí kó. Òfin kan náà sọ pé òbí tí kò bá fi ọmọ sílé-ìwé, bó bá jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kejì, yóò san ₦2,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ó tún ka ìwé, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti oúnjẹ ọ̀sán mọ́ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò kọ ẹ̀wọ̀n kankan sílẹ̀ fún gómìnà tí kò bá pèsè wọn. Ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ohun tí UBEC sọ nípa Kwara ni pé wọn kò ná owó tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq dé lọ́dún 2019, ìpínlẹ̀ dá mílíọ̀nù 450 náírà padà fún UBEC kí wọ́n tó yọ orúkọ wa kúrò nínú ìwé dúdú. Lẹ́yìn náà ló gbé bílíọ̀nù 7.1 náírà kalẹ̀ fún gbèsè ọdún 2014 sí 2019, kí Àbújá tó fi tirẹ̀ lé e.

Owó nìkan kọ́ sì ni wàhálà wa. Lọ́dún 2008, Kwara fúnra rẹ̀ dán àwọn olùkọ́ rẹ̀ 19,125 wò lórí iṣẹ́ kíláàsì kẹrin, nígbà tí Bọ́lájí Abdullahi jẹ́ kọmíṣánnà ẹ̀kọ́. Méje péré ló dé ojú òṣùwọ̀n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀kùn Àbújá tún tì.

Mi ò sọ pé kí UBEC máa kówó fún ẹni tó ná ti àkọ́kọ́ ní ìnákúnàá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ná an ló yẹ kí wọ́n mú, kí wọ́n má fi ilé-ìwé san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í po símẹ́ǹtì láwọn pírámárì wa, ọmọ ọdún 2013 ti kúrò níbẹ̀.