Jig Àfọwọ́ṣe fún Ẹ̀rọ Router: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ Iṣẹ́ Igi Kọ́kọ́ Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáàrà
Router jẹ́ ẹ̀rọ oníná tí abẹ rẹ̀ lè yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń gbẹ́ kòtò tóóró tí pákó pẹpẹ ń wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ lásán darí rẹ̀, ó lè yà, kí pákó bàjẹ́, kí ènìyàn sì fara pa. Jig ni atọ́nà rẹ̀. Èrò wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ jig í ṣe kí ó tó fọwọ́ kan router.

Ṣíṣe jig
A ó gbé pákó gígùn méjì dábùú ara wọn bíi lẹ́tà T, a ó rí i pé igun wọn pé digíríì 90, a ó sì dè wọ́n pọ̀. Orí T yóò fara ti etí pákó iṣẹ́. Apá gígùn ni ìdí router yóò máa fara tì lọ.

Bí ìdí router bá jẹ́ róbótó, tí ó fẹ̀ ní 150 mm, tí abẹ sì jẹ́ 12 mm, a ó yọ 12 kúrò nínú 150, a ó pín in sí méjì: 69 mm. Bí jig ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí kòtò nìyẹn. Nígbà àkọ́lò, abẹ yóò gé orí T. Ojú ibi tí ó gé ni a ó máa tò mọ́ ilà lẹ́yìn náà, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá pààrọ̀ ẹ̀rọ tàbí abẹ.

Lílò rẹ̀
Kí jig wà lọ́wọ́ òsì, kí á máa ti router síwájú. Yíyí abẹ yóò máa fà á mọ́ jig. Fún kòtò 6 mm nínú pákó 18 mm, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí á gbẹ́ ẹ, 3 mm lẹ́ẹ̀kan. Kí á yọ wáyà kúrò lára iná kí á tó pààrọ̀ abẹ, kí á sì wọ awò ìdáàbòbò ojú.

Àgbálọgbábọ̀
Router kan ṣoṣo lè wà fún odidi kíláàsì, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní jig tirẹ̀. Bí kò bá sí iná, ayùn àti ìfági ọwọ́ tó fún ṣíṣe jig. A dábàá pé kí olùkọ́ máa yẹ jig wò, kí ó sì fún un ní máàkì, kí ó tó gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti tan ẹ̀rọ.