Irinṣẹ́ fún Làákàyè: Ohun tí Douglas Engelbart Fẹ́ kí Kọ̀ǹpútà Ṣe fún Ọmọ Ènìyàn

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè kọ́kọ́ jọ ohun tó jìnnà sí wa, nítorí ó dá lórí ará Amẹ́ríkà kan tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n agbo wo ni fóònù kò tíì wọ̀ báyìí? Àwọn ọmọ wa ń béèrè bóyá ó ṣì yẹ kí ènìyàn máa kọ́ nǹkan sórí, nígbà tí ẹ̀rọ lè rántí gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà mìíràn sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ fẹ́ gba ìrònú lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìdáhùn rẹ̀ sì wúlò fún ẹgbẹ́ méjèèjì.

A bí Douglas Engelbart ní ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, ọdún 1925, ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì pè é kúrò nídìí ìwé. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ rédà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi, wọ́n sì rán an lọ sí orílẹ̀-èdè Filipínì. Ní erékùṣù Leyte, nínú ahéré kan tí wọ́n fi ṣe ilé ìkàwé, ó ka àròkọ kan tí Vannevar Bush, àgbà onímọ̀ ìjìnlẹ̀, kọ ní ọdún 1945. Bush ní ìmọ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá dábàá ẹ̀rọ kan, bí tábìlì, tí ènìyàn yóò máa kó ìwé rẹ̀ sí, tí yóò sì lè so ọ̀rọ̀ inú èyí mọ́ ọ̀rọ̀ inú èkejì, kí ó lè máa tọ ipa ìrònú ara rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ogun, Engelbart parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú kan ní Kalifọ́níà. Ní ìparí ọdún 1950, nígbà tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdéhùn ìgbéyàwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí yóò fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe. Èrò tó sọ sí i lọ́kàn ni pé ìṣòro ayé ń díjú sí i, ó sì ń di kánjúkánjú sí i, agbára tí ènìyàn fi ń yanjú rẹ̀ kò sì bá a dọ́gba. Bí òun bá lè fi kún agbára yẹn, iṣẹ́ òun yóò wúlò fún gbogbo ayé. Nítorí pé ó ti mọ rédà, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ lè fi àmì hàn lójú díńgí. Ó wá ń fi ojú inú wo àwọn ènìyàn tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń rí èrò ara wọn lójú rẹ̀, tí wọ́n ń tún un tò, tí wọ́n sì ń fi í han ara wọn. Kọ̀ǹpútà kò pọ̀ láyé nígbà náà. Ìṣirò ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ní ọdún 1955, ó sì dara pọ̀ mọ́ Stanford Research Institute ní Menlo Park ní ọdún 1957. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1962, ó gbé ìwé ìwádìí kan jáde tó ṣàlàyé gbogbo èrò rẹ̀. Ohun tó ń wá ni pé kí ènìyàn lè dojú kọ ọ̀rọ̀ tó díjú, kí ó tètè lóye rẹ̀ dé ibi tí ó nílò, kí ó sì rí ojútùú sí èyí tó ti dà bí ẹni pé kò ní ojútùú.

Nínú ìwé náà ló ti ṣàlàyé ìdánwò kan tó rọrùn láti lóye. Ó so pẹ́ńsùlù mọ́ bíríkì, ó ní kí ènìyàn fi í kọ̀wé. Iṣẹ́ náà falẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì rí gbàgẹ̀rẹ̀. Ó wá béèrè pé, bí gbogbo pẹ́ńsùlù ayé bá wúwo báyìí, ìwé mélòó ni ènìyàn ì bá kọ? Èrò wo ni ì bá lè tò dé òpin? Bí irinṣẹ́ tí kò dára bá lè dí ìrònú lọ́wọ́, èyí tó dára lè gbé e ró.

Síbẹ̀, Engelbart kò dá irinṣẹ́ nìkan kà. Ó ní ohun mẹ́rin ló ń fi agbára kún làákàyè: èdè tí a fi ń ronú, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́, ìlànà tí a ń tẹ̀ lé, àti ẹ̀kọ́ tí a fi kọ́ ẹni tí yóò lò wọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ jọ dàgbà. Ẹ̀yin awo mọ èyí dáadáa. Ẹ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé ẹni tí kò kọ́ Ifá lọ́wọ́, kí ó máa dá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò ní rí nǹkan kan kà.

Ó kó àwọn ènìyàn jọ láti ṣe ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n bá ṣe lónìí ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lọ́la, kí wọ́n lè fi ara wọn dán an wò. Ní ọdún 1964, Bill English, ọ̀kan nínú wọn, kan irinṣẹ́ kékeré kan tí Engelbart ti ronú rẹ̀: pákó tó ní kẹ̀kẹ́ méjì lábẹ́ àti bọ́tìnì kan lókè, tí ọwọ́ yóò máa tì kiri láti tọ́ka sí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Okùn tó wà lára rẹ̀ jọ ìrù, wọ́n sì ń pè é ní mouse, ìyẹn eku. Wọ́n tún ṣe pátákó oníbọ́tìnì márùn-ún fún ọwọ́ òsì, tí wọ́n ń tẹ̀ pa pọ̀ láti kọ lẹ́tà. Nítorí pé a lè tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí kí a fi í sílẹ̀, bọ́tìnì márùn-ún ń bí àmì 31. Irú ìṣirò yìí kò ṣàjèjì sí wa: ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, odù 256 sì ni wọ́n ń bí. Engelbart kò gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n níbi méjèèjì, ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ àmì náà nìkan ló ń jèrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1968, ó fi iṣẹ́ náà han nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ní San Francisco, fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní Menlo Park, nǹkan bí máìlì 30 sí ibẹ̀. Ó kọ orúkọ àwọn ohun tí ó fẹ́ rà lọ́jà, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì fi ọ̀nà tí yóò gbà rà wọ́n hàn lórí àwòrán. Ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ mìíràn tó so mọ́ ọn sì ṣí. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ yọjú láti Menlo Park, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ìwé kan náà. Àwọn èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ibùdó rẹ̀ ló gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rán láti kọ̀ǹpútà Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, lórí ìsokọ́ra tó padà di gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí àwọn ènìyàn ti pàtẹ́wọ́ tó, wọn kò gba gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ní àwọn ọdún 1970, owó ìwádìí rẹ̀ dínkù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibùdó tuntun tí Xerox dá sílẹ̀, wọ́n sì ta ẹ̀rọ náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ayé gba mouse, kò sì gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Àwọn oníṣòwò fẹ́ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè lò lójú ẹsẹ̀. Engelbart a máa fi kẹ̀kẹ́ ṣàpèjúwe: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọdé ń gùn kò gba ẹ̀kọ́, ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì gba ìṣubú díẹ̀ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ni dé ọ̀nà jíjìn. Kò gba owó lórí mouse, nítorí ibùdó tó gbà á síṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní Àmì-ẹ̀yẹ Turing ní ọdún 1997. Ó kú ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 2013, ní ẹni ọdún 88.

Kí ni a rí kọ́? Fún ẹ̀yin àgbà tó ń bẹ̀rù: fóònù kì í ṣe ọ̀tá. A lè fi í gba ohùn àwọn àgbà awo láti ìlú dé ìlú, kí a gbé ẹsẹ kan náà bí wọ́n ti ń kì í níbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ti ń kì í lọ́hùn-ún, kí a sì jọ wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn lè so pọ̀ ni Engelbart fẹ́ kọ̀ǹpútà fún.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹni tí kò ní ẹsẹ kankan lórí kò ní mọ èyí tí yóò wá nínú fóònù. Bí wọ́n bá kì í ṣì fún un, kò ní mọ̀ pé wọ́n ṣì í. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ tán ni ẹ̀rọ ń fi agbára kún. Ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan, kí ni ẹ̀rọ yóò fi agbára kún fún un? Nítorí náà, bí ẹ bá ra irinṣẹ́ tuntun, ẹ má ṣe dín ọdún ẹ̀kọ́ kù. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa dàgbà.

Ọdún á yabo o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.