Gíríìsì Ẹ̀rọ Ata àti Gíríìsì Ojú Sánmà

Ní Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì, ẹni tó ń lọ ata kì í dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú. Bí béárìn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í han, á pa á, á fi ìka bu gíríìsì nínú agolo, á tẹ̀ ẹ́ wọlé, á fi àkísà nu ọwọ́. "Màmá, ẹ gbé ata yín wá." Ó parí. Gíríìsì náà kò wọ́n, òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

Ti ojú sánmà ò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, ọ́ìlì lásán á máa di oru, oru yẹn á sì lọ lẹ̀ mọ́ dígí kámẹ́rà. Irin méjì tó ń ha ara wọn lè lẹ̀ pọ̀ pátápátá láìsí wẹ́dà níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ń lo gíríìsì tí kì í tètè di oru, tàbí nǹkan dúdú gbígbẹ kan, molybdenum disulfide, tí wọ́n ń kùn mọ́ irin. Eléyìí ló pa mí lẹ́rìn-ín: ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Gbé e wá sídìí ẹ̀rọ ata lásìkò òjò, kí o wò ó bóyá kò ní jẹ́ gíríìsì agolo ló máa borí.

Galileo, ọkọ̀ òfurufú tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí Júpítà lọ́dún 1989, fojú winá irú ìṣòro yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1991, wọ́n ní kí ẹ́ríà rẹ̀ ńlá ṣí bí agboòrùn, kò ṣí tán. Àwọn onímọ̀ gbà pé ohun gbígbẹ tí wọ́n kùn sára ọ̀pá rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀ ti họ dànù nígbà tí ọkọ̀ ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín California àti Florida. Lórí títì Amẹ́ríkà o! Ká má tíì sọ ti ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó. Wọ́n yí i síbi oòrùn, wọ́n yí i síbi òtútù, wọ́n fi mọ́tò rẹ̀ tì í léraléra, kò dáhùn. Ẹ́ríà kékeré ló fi jíṣẹ́ títí ó fi parí ìrìn rẹ̀ lọ́dún 2003.

Ní tèmi, ọwọ́ tó lè padà débẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n ra gíríìsì lọ. Lọ́dún 2007, oríkèé tó ń yí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn Ibùdó Òfurufú Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àwọn arìnrìn-àjò òfurufú jáde, wọ́n nu eruku irin kúrò, wọ́n fi gíríìsì tuntun sí i. Gíríìsì tú sínú àpò irinṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Heidemarie Stefanyshyn-Piper; ibi tó ti ń nù ún ni àpò ti léfòó lọ. Àmọ́ oríkèé náà yí.

Oṣù yẹn kan náà ni iná tán lára NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tiwa, nítorí ìṣòro pánẹ́ẹ̀lì oòrùn rẹ̀. Ibùdó Òfurufú yẹn kò ju nǹkan bí 400 kìlómítà lókè wa. Tiwa wà ní nǹkan bí 36,000, kò sẹ́ni tó lè gbé àkísà lọ bá a. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2011 kí arọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, tó gòkè.